Omi Ni Ó Ń Mú Òróró Gbígbóná Ta: Bí A Ṣe Ń Dín Ẹja Láì Jẹ́ Kó Jó Wa

Bí òróró bá ta sí wa lápá, òróró náà ni a máa ń bú. A ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa, tàbí pé iná ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ da òróró tó mọ́ sínú páànù tó gbẹ, kí ẹ gbé e ka iná, kí ẹ má sì fi nǹkan kan sí i. Yóò gbóná, yóò ṣàn wẹ́rẹ́ bí ẹ bá tẹ páànù, ṣùgbọ́n kò ní dún, kò sì ní ta. Ìgbà tí ẹja bá wọ inú rẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ẹja wọlé ni kí ẹ máa wá, omi sì ni.

Mo fi ẹja tútù ṣe àpẹẹrẹ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, pàápàá ẹja Titus tí a ń rà nínú yìnyín, nítorí òun ló ń mú kí àwọn èèyàn máa sá fún páànù wọn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń dín in láì jẹ́ kó ta, adìẹ, dòdò àti ata kò ní ṣòro fún un.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú páànù

Omi a máa hó ní 100°C. Òróró tó yẹ fún dídín nǹkan a máa gbóná tó 160°C sí 190°C. Ẹ̀kán omi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti bá ibi tó gbóná kọjá agbára rẹ̀ pàdé. Omi wúwo ju òróró lọ, kò sì bá òróró pò, nítorí náà ẹ̀kán tó bá tóbi a máa rì lọ sísàlẹ̀, níbi tí páànù ti ń gba iná. Ibẹ̀ ni yóò ti di oru lójijì. Omi tó bá di oru a máa fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700. Ife omi kan ṣoṣo lè di oru tí yóò kún ife 1,700. Oru yẹn kò rí àyè nísàlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde, òróró tó wà lórí rẹ̀ ni yóò sì tì sókè. Òróró ló bà wá lápá, ṣùgbọ́n omi ló jù ú.

Ìfófó tí a ń rí yí ẹja ká náà, oru omi ni. Òróró fúnra rẹ̀ kì í hó nínú páànù wa. Yóò ti máa yọ èéfín, yóò sì ti bàjẹ́, kó tó dé ibẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dín ẹja: lákọ̀ọ́kọ́ ariwo yóò pọ̀, yóò máa ta pàrà-pàrà, tó bá yá, ìró rẹ̀ yóò rọlẹ̀, ìfófó yóò dínkù. Omi ara ẹja ló ń tán lọ. Àwọn ìyá tó ń dín ẹja tà kì í wo aago, etí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹja ti gbẹ.

Omi pọ̀ nínú ẹja. Nínú 100 gíráàmù ẹja tútù, omi lè tó 60 sí 80. Ṣùgbọ́n omi tó wà nínú ẹran ara rẹ̀ kọ́ ló ń ṣe wá ní ibi jù, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn ń jáde. Omi tó wà lójú awọ, omi tó há síbi kan tí kò rọ́nà jáde, àti omi tí àwa fúnra wa fi ọwọ́, ṣíbí tàbí ọmọrí gbé wọ inú páànù, àwọn yẹn ló léwu. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, àwọn omi wọ̀nyí ni a ń lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ tán

Ẹja tó ṣì le nínú kò ṣe é dín. Yìnyín inú rẹ̀ yóò yọ́ nínú òróró gbígbóná, omi rẹ̀ yóò sì di oru lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ní firíìjì tí iná wà fún, ẹ kó ẹja kúrò nínú firísà lálẹ́, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ firíìjì di àárọ̀. Bí kò bá sí àyè fún ìyẹn, ẹ dì í sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ rì í sínú omi tútù, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Ẹ má tú ẹja sínú omi gbígbóná. Òde ara rẹ̀ yóò rọ̀ bọ̀tọ̀bọ̀tọ̀ nígbà tí àárín ṣì dì, irú ẹja bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń fọ́ sínú páànù.

Ohun kan náà ni pẹ̀lú ànàmọ́ àti ọ̀dùnkún gígé tí wọ́n ń tà nínú yìnyín, àti pẹ̀lú ẹran. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ iná ló ń sọ lọ́jọ́ ọdún Ìdúpẹ́ nítorí àwọn tó gbé odidi tòlótòló tí kò tíì yọ́ sọ sínú ìkòkò òróró.

Ìgbésẹ̀ kejì: Iyọ̀ kọ́kọ́, nínù tẹ̀lé e

Iyọ̀ a máa fa omi jáde lára ẹja. Ọ̀pọ̀ wa ń fi iyọ̀, ata gígún àti kọrí sí ẹja, lójú ẹsẹ̀ náà a ti sọ ọ́ sínú òróró, omi tí iyọ̀ fà jáde ṣì ń ṣàn lára rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń fa pàrà-pàrà tí a ń sá fún. Ẹ fi iyọ̀ sí i, kí ẹ tò ó sínú ajere tàbí asẹ́ tó gbé lórí àwo, kí ẹ sì fún un ní ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ ó rí omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú àwo ìsàlẹ̀. Ẹ dà á nù.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu ègé kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó mọ́ tàbí tíṣù ilé ìdáná ni kí ẹ fi nù ún, iwájú, ẹ̀yìn, àti inú ihò ikùn rẹ̀, nítorí ihò yẹn ni omi máa ń fara pamọ́ sí. Ẹ tẹ aṣọ náà mọ́ ọn, ẹ má fi ra á, kí awọ rẹ̀ má bàa ṣí. Bí tíṣù kejì bá ṣì tutù lẹ́yìn tí ẹ lò ó, ẹ mú ìkẹta. Iṣẹ́ yìí ló ń gba àkókò jù, òun náà ló sì ń gbà wá jù. Bí ẹ bá fẹ́ mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ mú èyí.

Ẹni tó bá fẹ́ lè wọ́n fúláwà tín-ín-rín sí i lẹ́yìn tó ti nù ún. Fúláwà yóò fa èyí tó kù lójú awọ mu, kò sì ní jẹ́ kí ẹja lẹ̀ mọ́ páànù. Ẹ gbọn èyí tó bá pọ̀ jù dànù, nítorí ìsàlẹ̀ páànù ló máa ń lọ jóná sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ibi tí omi há sí

Ojú ẹja jẹ́ àpò omi kékeré kan tí awọ bò. Bó bá gbóná, oru inú rẹ̀ kò rọ́nà, ó sì máa ń bẹ́ pàù, tí òróró yóò fi fò dé ojú ẹni tó ń dín in. Ẹni tó bá fẹ́ dín orí ẹja, kó yọ ojú rẹ̀ tàbí kó fi ẹnu ọ̀bẹ gún un. Ẹyin inú ẹja náà burú bẹ́ẹ̀: awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló dì í. Ẹ fi ọ̀bẹ là á ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, tàbí kí ẹ bọ̀ ọ́ kó le díẹ̀ kí ẹ tó dín in.

Awọ ẹja náà ṣe é là. Ẹ fi ọ̀bẹ fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí oru rí ibi jáde. Ata rodo odidi àti tòmátì odidi kò yẹ kó wọ inú òróró gbígbóná láì là wọ́n, nítorí bákan náà ni wọ́n ṣe ń bẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Páànù àti òróró

Páànù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ máa ń ní omi nísàlẹ̀, pàápàá lábẹ́ ibi tí wọ́n fi ìṣó de ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ nù ún, kí ẹ gbé e ka iná kékeré títí yóò fi gbẹ, kí òróró tó wọ inú rẹ̀. Ṣíbí oníhò náà, ẹ nù ún. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò náà jìn; kí òróró má kọjá ìdajì rẹ̀, nítorí òróró a máa ru sókè bí ẹja bá wọ inú rẹ̀, èyí tó bá sì dà sórí iná yóò gbiná.

Òróró náà lè ní omi nínú. Èyí tí wọ́n wọ̀n sínú ìgò tí a fi omi ṣan, tí kò gbẹ, yóò gbé omi ìgò náà dání. Èyí tí a ti lò rí, tí a gbé pamọ́, omi ẹja àná àti ẹ̀rún fúláwà ti rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ rọra da apá òkè rẹ̀ tó mọ́ gba inú asẹ́, kí ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbé e ka iná díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ṣììì nígbà tí ẹ kò tíì fi nǹkan sí i, omi wà níbẹ̀: ẹ má fi kún iná, ẹ dúró kó dákẹ́. Òróró tó ti dúdú, tó ń yọ ìfófó púpọ̀, kò yẹ ní dídín mọ́.

Iyọ̀ tí àwọn kan ń wọ́n sínú òróró kí ó má bàa ta ńkọ́? Iyọ̀ kì í yọ́ nínú òróró. Bó bá gbẹ dáadáa, ó lè fa omi díẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ aṣọ ìnu. Iyọ̀ tó ti gba ọ̀rinrin nínú ilé ìdáná, òun gan-an yóò ta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mọ ìgbà tó gbóná tó

Ẹ má fi omi wọ́n òróró láti dán an wò. Mo ti rí èyí lọ́wọ́ àwọn àgbà tí mo bọ̀wọ̀ fún, síbẹ̀ ó léwu. Ẹ ki ìdí ọmọrógùn tó gbẹ bọ inú rẹ̀. Bí ìfófó kéékèèké bá ń jáde lára igi náà láì sinmi, ó ti tó. Ègé àlùbọ́sà tín-ín-rín tí a nù náà lè ṣe é: kó leefo, kó máa dún díẹ̀, kó má dúdú lójú ẹsẹ̀. Bí èéfín bá ti ń jáde, ó ti gbóná jù. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀, ẹ má fi òróró tútù tàbí omi pẹ̀rọ̀ sí i. Òróró tí kò gbóná tó kì í ta púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja yóò mu ún yó, yóò sì lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fífi ẹja sínú rẹ̀

Ìbẹ̀rù ló ń mú wa ju ẹja láti òkèèrè. Ẹja tó já láti òkè máa ń fọ́n òróró káàkiri, ì báà gbẹ bí egungun. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ fi ẹ̀mú tàbí ṣíbí mú ègé ẹja, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ kan òróró níbi tó sún mọ́ yín, kí ẹ wá rọra tẹ́ ìyókù lọ sápá ibi tó jìnnà sí yín. Bí nǹkan bá ta, ọ̀hún ni yóò ta sí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fi sí i, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Bí páànù bá kún, oru púpọ̀ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan, òróró yóò sì tutù.

Ẹ má tètè yí i. Bí ìsàlẹ̀ bá ti le, yóò fúnra rẹ̀ já kúrò lára páànù. Ẹ wo apá òkè ẹja kí ẹ tó yí i: omi ara rẹ̀ máa ń ga sórí bí ẹ̀kán kéékèèké, àwọn ẹ̀kán yẹn ló ń bọ́ sínú òróró nígbà tí a bá yí i, ìdí nìyẹn tí yíyí fi ń ta ju fífi sí i lọ. Ẹ dín iná kù kí ẹ tó yí i, kí ẹ sì yí i lọ sápá òdìkejì yín. Ẹ má fi fọ́ọ̀kì gún un.

Ní ti dídé ọmọrí lé e, èmi kò gbà á. Oru yóò di omi lábẹ́ ọmọrí, yóò sì máa kán padà sínú òróró; ẹni tó bá wá ṣí i lójijì ni gbogbo rẹ̀ yóò ta sí lójú. Asẹ́ onírin pẹrẹsẹ ló dára: oru ń gba inú rẹ̀ jáde, òróró kò lè kọjá. Bí ọmọrí ló wà lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ lápá kejì, kí ẹ sì nù ún gbẹ nígbàkúùgbà tí ẹ bá gbé e.

Kí ọwọ́ páànù kọjú sínú, kó má yọ síta níbi tí ọmọdé lè fà á. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù, nítorí ó máa ń yọ́ mọ́ ara.

Ata, adìẹ, àkàrà, àti epo tí a ń jó

Ata lílọ̀ ló tún burú lẹ́yìn ẹja. Tòmátì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi délẹ̀, 94 nínú 100, àwọn tó ń lọ̀ ọ́ sì tún máa ń bu omi sí i kí ẹ̀rọ lè gbé e. Ẹ se ata náà lọ́tọ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ títí yóò fi ki, tí ṣíbí bá fà á, kí ojú ìsàlẹ̀ ìkòkò hàn. Ẹ pa iná tó wà lábẹ́ òróró, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ fi ṣíbí bu ata náà sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ rò ó, kí ẹ tó tan iná padà. Ẹni tó bá da ata tútù odidi ìkòkò lu òróró tó ń yọ èéfín ń wá ìjóná.

Adìẹ tí a ti bọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tò ó sórí tíréè nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ má bò ó. Ooru ara rẹ̀ yóò gbé omi ojú rẹ̀ lọ. Ẹ kàn fún un ní àkókò.

Àkàrà kì í sábà ta bí ẹ̀wà rẹ̀ bá ki. Àmọ́ àwọn tó ń fi ọwọ́ dá a máa ń ki ìka bọ omi kó má bàa lẹ̀, omi yẹn ló ń kán sínú agbada. Ẹ gbọn ọwọ́, tàbí kí ẹ lo ṣíbí. Dòdò rọrùn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kì í ta bí a kò bá fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a bó o.

Epo pupa tí a ń jó títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, fún ọbẹ̀ ayamáṣe, ni mo bẹ̀ yín lé lórí jù. Ẹ lo ìkòkò tí ọmọrí rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, iná kò gbọdọ̀ pọ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ lọ dá nǹkan mìíràn ṣe. Bí ẹ bá ti pa iná, ẹ má ṣí ọmọrí náà. Epo tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè gbiná bí afẹ́fẹ́ bá wọlé sí i. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa, kí àlùbọ́sà àti irú tó wọ inú rẹ̀, nítorí irú tútù kún fún omi.

Bí páànù bá gbiná

Ẹ má da omi sí i. Ohun tí mo sọ nípa ìlọ́po 1,700 ni yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òróró tó ń jó yóò sì fò dé àjà. Ẹ má gbé páànù náà sáré síta. Ẹ pa gáàsì bí ọwọ́ yín bá lè dé e láì kọjá lórí iná náà. Ẹ ti ọmọrí tàbí tíréè onírin láti ẹ̀gbẹ́ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù pátápátá. Bí iná náà bá ti kọjá páànù, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pe 112 ní Nàìjíríà. 767 náà ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní Britain, 999. Ní Amẹ́ríkà, 911.

Bí òróró bá jó èèyàn

Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti aṣọ tí òróró ta sí, àyàfi èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ gbé ibẹ̀ sábẹ́ omi tó tutù níwọ̀nba tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ife bu omi mímọ́ dà á sí i láì dáwọ́ dúró, tàbí kí ẹ máa já píọ̀ wọ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi yìnyín sí i. Ọṣẹ ìfọyín, ẹyin tútù, ògì, epo pupa, kẹrosíìnì, kò sí èyí tó wúlò nínú wọn: wọ́n ń há ooru mọ́ inú awọ tàbí kó ìdọ̀tí wọ ojú egbò, dókítà yóò sì tún ní láti fọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn omi, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó mọ́ bò ó láì fún un. Bó bá lé ròrò, ẹ má bẹ́ ẹ.

Bí ó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jóná lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́, ẹsẹ̀, oríkèé tàbí ojú ara, tàbí tí ibẹ̀ funfun tàbí tó dúdú tí kò sì dunni, ilé ìwòsàn ni. Ọmọdé tó bá jóná, ẹ gbé e lọ kí wọ́n wò ó, bó ti wù kó kéré mọ. Bí òróró bá ta sínú ẹyinjú, ẹ máa fi omi mímọ́ ṣàn án fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì lọ lọ́jọ́ náà, kódà bí ìrora rẹ̀ bá ti lọ.